Nígbà Tí Akọni Bá Jókòó

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìbàdàn, bí ọdún eégún bá dé, àwọn tòm̀bólò ni a kọ́kọ́ ń rí lójú títì, àwọn eégún kéékèèké tí aṣọ wọn kò ju àkísà lọ, tí wọ́n ń fi pàṣán lé wa láti ojúlé dé ojúlé, tí àwa náà ń sá, tí a ń rẹ́rìn-ín, tí a sì ń rò nínú ara wa pé eré ìje yìí gan-an ni ọdún. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yẹ àtàrí, tí ìlù bá yí ohùn padà, tí àwọn obìnrin ilé bá kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé okùn kan ni ó fà wọ́n, nígbà náà ni eégún àgbà yóò yọ, aṣọ lórí aṣọ, tí ìwúwo rẹ̀ tó kí ọkùnrin méjì máa bá a gbé etí rẹ̀ dání. Kì í sáré, kì í na ẹnikẹ́ni. Yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, yóò dúró. Yóò gbé méjì, yóò béèrè àga. Yóò jókòó, wọn yóò sì máa kì í, òun náà yóò máa fi ohùn ọ̀fun béèrè ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó kú láti ìgbà tí òun ti lọ. Ó máa ń sú àwa ọmọdé. Àwọn àgbà a sì máa sunkún. Eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀, n kò sì mọ ohun tí òwe náà ń wí dájú títí tí mo fi di ẹni tí ń fi bírọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà wá oúnjẹ òòjọ́.

Ìrántí yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú ilé mi ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó, wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé alàwòrán kan tí ó yá ní ilé ìkàwé Barking. Ọmọ náà ń kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ mi ní ọ̀fẹ́, bí a bá yọ ti ìṣasùn ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ kúrò. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, bí àwọn ọmọ ìhín ti ń ṣe é, ó sì gbé ìwé náà lé orí tábìlì bí ẹni tí ń dá ọjà padà fún ẹni tí ó tà á.

“Bàbá, ẹ káalẹ́, sà. Ìwé tí ẹ ní kí n kà, mo ti kà á dé orí kẹrin, mo sì ti dúró.”

“Kí ló dé tí o dúró?”

“Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, sà. Ọkùnrin yẹn kàn jókòó.”

Watchmen ni ìwé náà. Fún àǹfààní ẹni tí kò bá tíì rí i, Alan Moore ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Dave Gibbons ni ó yàwòrán rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì, ilé-iṣẹ́ DC ti Amẹ́ríkà ni ó sì gbé e jáde ní apá méjìlá láàrin ọdún 1986 sí 1987, kí wọ́n tó dì í pọ̀ di ìwé kan ṣoṣo. Kì í ṣe ìwé ọmọdé, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà kí n tó dárúkọ rẹ̀ fún un. Apá kẹrin tí ó dá a dúró yìí dá lórí Jon Osterman, ọmọ aláago kan ní Brooklyn, ẹni tí baba rẹ̀ da àwọn irin wẹ́wẹ́ inú aago síta láti ojú fèrèsé ní ọdún 1945 nígbà tí ó ka ìròyìn bọ́ǹbù Hiroshima, tí ó ní ayé aago ti parí, kí ọmọ òun lọ kọ́ ìmọ̀ átọ́ọ̀mù. Ọmọ gbọ́ ti baba, ó lọ. Ní ọdún 1959, ọkùnrin sísanra kan fẹsẹ̀ tẹ aago ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ fọ́ níbi tí wọ́n ti lọ ṣe fàájì. Jon tún aago náà ṣe, ó gbàgbé rẹ̀ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ nínú iyàrá tí wọ́n ti ń dán agbára àìrí wò, ó padà lọ mú un, ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn, agbára náà sì tú u ká bí ẹni tú òwú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá pẹ̀lú ara aláwọ̀ aró, kò sì sí ohun tí kò lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, èyí tí ó ti lọ àti èyí tí kò tíì dé, wá dúró níwájú rẹ̀ pa pọ̀ bí àwọn ará ilé nínú fọ́tò kan.

Òótọ́ sì ni ọmọ náà sọ. Nínú apá kẹrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, akọni tí ó lè fọ́ òkè kò ṣe ju pé ó wà lórí iyanrìn Mars ní ọdún 1985, ó mú fọ́tò kan dání, ó jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, ó wo ìràwọ̀, ó sì fi iyanrìn ibẹ̀ mọ ilé gíláàsì kan tí ó dà bí inú aago. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀ yóò ṣí ìwé náà síwájú sí i kí ó tó rí i.

Mo bi í pé ṣé ó ti ka àpótí àwòrán inú ojú ìwé kan rí. Ó ní rárá. Mo ní kí ó kà á.

Bí a bá ń wo tíátà, àsìkò ń lọ fúnra rẹ̀, bí òǹwòran sùn bí kò sùn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé alàwòrán, rúlà ni ayàwòrán fi ń wọn àsìkò, bí aláṣọ ti í fi ọ̀pá wọn aṣọ. Àpótí gbọọrọ ni ìṣẹ́jú gígùn, àpótí tín-ín-rín ni ìṣẹ́jú àáyá, àlàfo funfun tí ó sì wà láàrin àpótí kan àti èkejì ni ibi tí ìgbà ti ń kọjá láìsí ẹni tí ó rí i, ìbáà jẹ́ ìpajú kan, ìbáà jẹ́ ogójì ọdún. Ohun tí Gibbons ṣe nínú Watchmen ni pé ó pín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé sí àpótí mẹ́sàn-án ọgbọọgba, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàrin, mẹ́ta nísàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ojú ti ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì, etí inú ń gbọ́ kì, kì, kì. Nínú orí kẹrin, ó fi fọ́tò sínú àpótí kan, ó fi baba Jon pẹ̀lú irin aago sínú èkejì, ó fi iyanrìn Mars sínú ẹ̀kẹta, àpótí ọdún 1945 kò sì kéré sí ti ọdún 1985 ní ìwọ̀n ìka kan. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi lè fi ojú rí ohun tí ó ń ṣe ẹni tí ìgbà kò kọjá fún. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́nu, àlàyé ni. Bí wọ́n bá sáré yà á, ìdàrúdàpọ̀ ni. Àfi kí akọni náà jókòó, kí àpótí sì máa ka ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ìjà ni ó rọrùn jù lọ láti yà. Mo sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún nǹkan bí ogójì ọdún, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ akọ́wé-ara-pátákó kan ní Mókọ́lá. Nínú ìjà, ènìyàn lè fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bo apá tí kò gún, ó lè kọ gbàgà! gàdàgbà gàdàgbà sí ibi tí kò mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí, èrò yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí ìwúwo ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lórí àga, tí èrò ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ní èjìká nìkan, ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò tú àṣírí ayàwòrán tí kò gbọ́ṣẹ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì rí kò ní í bá orí kẹrin yìí jà. Bí a bá ń pàlọ́, a ó ní “ní ọjọ́ kan”, ìtàn yóò sì máa yí láti orí ìṣẹ̀lẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí tí ọwọ́ yóò fi tẹ ìjàpá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ki ènìyàn, ìtàn dúró. Baba ńlá tí ó ti kú láti ìgbà ogun Kírìjì, “ìwọ” ni a ń pè é. Ẹṣin tí ó gùn nígbà náà ń jẹ koríko lẹ́nu ọ̀nà nísinsìnyí. Ilé tí ó kọ́, gbèsè tí ó jẹ, àpá tí ó wà lára rẹ̀, ẹni tí ń kì í kò bìkítà èwo ni ó ṣáájú nínú wọn, nítorí pé gbogbo wọn pé jọ sí ojú kan. Ìyá baba mi a máa fi èyí dá wa dúró láàárọ̀. A ó dọ̀bálẹ̀ kí i, òun yóò bẹ̀rẹ̀ oríkì, a kò sì gbọdọ̀ dìde títí yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ni aago ilé-ìwé ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ti nà mí nílé-ìwé nítorí oríkì kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀, ní ìdọ̀bálẹ̀, tí mo dojú kọ ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ni mo ti kọ́kọ́ rin ìrìnàjò nínú ìgbà, kí n tó mọ̀ pé àwọn òyìnbó ń tẹ irú rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, ìyá rẹ̀ sì ti ń fi fóònù pè é. Ọwọ́ tí ó ya àpótí mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn, ọwọ́ tí èmi mọ̀ láti ọmọdé ni. Ní ọdún 1975, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìwé alàwòrán kan tí ń jẹ́ Powerman dé orí tábìlì àwọn oníwèé ìròyìn ní Dùgbẹ̀, ó sì gba ọkàn wa, nítorí pé akọni aláwọ̀ dúdú ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ kò láfiwé. Àwa rò pé Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìgbà tí mo dé ìlú ọba ni mo tó mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni, pé ilé-iṣẹ́ Bardon Press Features ni ó ń ṣe é ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, pé Don Avenell àti Norman Worker ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí orúkọ wọn kò tíì jáde, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni ó ń ya á ní ìpín-ìpín. Mo sì rántí àwọn nọ́ńbà. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, nítorí pé àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún wọn rò pé àwa òǹkàwé kò tíì mọ bí a ti ń ka ìwé alàwòrán, kí a má baà ṣìnà láàrin àpótí kan sí èkejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀ níhìn-ín. Àwa tí Akinọlá Láṣekàn ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún nínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti àwọn ọdún 1940! Àwa tí a ti ń ra ìwé Atọ́ka láti ìparí àwọn ọdún 1960, tí a ń wo fọ́tò eré Oyin Adéjọbí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tí ìyá aláṣọ tí kò ka ju ìwé méjì lọ ń tọ́ka ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀ láìṣi í! Bí mo ti gbọ́ ìdí tí nọ́ńbà fi wà níbẹ̀, ó bí mi nínú, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ ya Doctor Who, arìnrìn-àjò ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, sínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Nígbà tí ó fi máa di 1986, ó ya orí kẹrin yìí, níbi tí ọdún ti ṣáájú ọdún, tí ọ̀la ti wà kí àná tó dé, kò sì fi nọ́ńbà sí ẹyọ àpótí kan. Ọwọ́ tí ó kọ nọ́ńbà kí ọmọ Dùgbẹ̀ má baà sọnù ni ó wá ya ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọnù sí.

Àwọn ọmọ wa náà ti wọ ọ̀nà yìí. Royé Òkúpè tí ó dàgbà ní Èkó kọ ìtàn Malika, ayaba ajagun tí ó sun nǹkan bí 500 ọdún kí ó tó jí sí ayé òde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì ń tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Inua Ellams tí a bí sí Jos kọ eré Doctor Who kan fún tẹlifíṣọ̀n, ó sì mú arìnrìn-àjò ìgbà yẹn wá sínú ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí ní Èkó. Ibo ni wọ́n gbé e sí? Orí àga. Wọ́n fi aṣọ bò ó lọ́rùn, wọ́n sì ní kí ó máa pìtàn. Mo pàtẹ́wọ́ nínú ilé mi níbí, èmi nìkan, bí wèrè. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí, yálà ní Agége tàbí ní òpópónà Heathway, mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ ìrìnàjò ìgbà tí ó ju àga yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má baà dà bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi láti jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ìwé kan tí n kò ní í dárúkọ gbé iṣẹ́ akọni arìnrìn-àjò ìgbà kan fún mi, mo sì ní kí apá karùn-ún rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ tí mo ń gbé yìí. Dagenham ọmọ irin, ọmọ ibi tí a ti ń rọ mọ́tò bí ẹni rọ ọkọ́. Becontree onílé bíríkì, nǹkan bí 26,000 ilé tí a kọ́ láàrin 1921 sí 1935, tí ojú wọn jọra bí ìbejì, tí ọ̀kan kò ga ju èkejì kí ẹnikẹ́ni má baà yan fún aládùúgbò rẹ̀. Bí mo ti í kì í nìyẹn bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Dagenham Heathway. Mo mú akọni mi wá sí oṣù Kẹfà ọdún 1968, sí ilé-iṣẹ́ Ford tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò níbí ní 1931, sí àárín àwọn obìnrin 187 tí wọ́n ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò. Wọ́n kà wọ́n sí aláìmọṣẹ́, owó wọn kò sì tó ti ọkùnrin tí ń gbá ilẹ̀. Àwọn obìnrin náà pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí aṣọ ìjókòó, kò sí mọ́tò tí ó lè jáde, gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì dúró bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn.

Ẹ wo irú àwòrán tí ọ̀rọ̀ yìí bèèrè fún! Ẹnì kan tí ó lè yí ìgbà padà dé ibi tí agbára gbogbo ti jẹ́ kí a má ṣe nǹkan kan. Mo ya ojú ìwé mẹ́fà tí akọni náà ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí òjò ń pa á, tí obìnrin kan bu tíì fún un láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Nínú àpótí kan ó wo iwájú, ó sì rí òfin ọdún 1970 tí ó ní kí owó iṣẹ́ obìnrin àti ti ọkùnrin bá ara wọn dọ́gba. Nínú èkejì ó wò síwájú sí i, ó rí i pé ó di 1984, lẹ́yìn tí wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó ka àwọn aránṣọ náà sí oníṣẹ́ ọwọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì lè sọ fún obìnrin tí ó fún un ní tíì. Mo fi gbogbo ẹ̀rùn ọdún kan yà á.

Olóòtú ní ó ti falẹ̀ jù. Ó ní àwọn òǹkàwé yóò sá, ó ní kí n fi ìjà sí i. Mo bá fi ẹ̀rọ onírin kan tí ń tu iná lẹ́nu sí i, ó já òrùlé ilé-iṣẹ́ náà wọlé, akọni mi fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, àwọn obìnrin náà sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gba owó mi. Ìwé náà tà díẹ̀, ó sì kú. Títí di òní, bí mo bá rí ojú ìwé yẹn, ojú a máa tì mí, nítorí pé mo gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, mo gbé e fún ọkùnrin tí ó wọ aṣọ pípọ́n. Tòm̀bólò ni mo fi síwájú eégún àgbà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọmọ náà lọ sí Valence House ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ilé àtijọ́ tí a fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níhìn-ín ní Dagenham, tí a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọlé. Èmi kò bá a sọ̀rọ̀ ìwé alàwòrán. Mo kàn mú un lọ síwájú ère kan tí kò ga tó ìdajì mítà, tí a fi igi páìnì gbẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ri páìpù ìgbẹ́ wú jáde nínú ilẹ̀ àbàtà etí odò Thames ní ọdún 1922. Wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì lé ní 4,000 ọdún. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Colchester ni ó ni ín. Ó kàn yá Dagenham ní ère náà ni. Ère náà ní orí, ó ní ẹsẹ̀ méjì, kò ní apá rárá, ojú rẹ̀ méjèèjì kò sì jinlẹ̀ bákan náà. Ẹni tí ó bá ti rí ère ìbejì lórí pẹpẹ ìyá àgbà rí yóò dúró díẹ̀ kí ó tó lè kọjá níwájú rẹ̀.

Mo ní kí ó wò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó mú fóònù. Mo wúkọ́, ó fi í sí àpò. Nígbà tí ó yá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn òyìnbó méjì tí ó wọlé sì yà fún un láìsọ̀rọ̀. Ó bi mí pé, “Bàbá, ta ni ó gbẹ́ ẹ?” Mo ní a kò mọ̀. Ó ní, “Ṣé ó mọ̀ pé a máa wò ó ni?” Mo ní kí ó bi ère. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó gbé ojú ìwé kan wá. Àpótí mẹ́sàn-án ọgbọọgba ni, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàrin, mẹ́ta nísàlẹ̀, ère kan náà ni ó sì wà nínú gbogbo wọn, ní ojú kan náà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Nínú èkínní, ó wà nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú omi lókè orí rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, ṣọ́bìrì kan kàn án ní èjìká. Nínú ẹ̀kẹfà, ó wà lẹ́yìn gíláàsì, ojú ọmọkùnrin kan sì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lára gíláàsì náà. Mo gbóṣùbà fún un nínú ọkàn mi, n kò sì sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n nínú àpótí keje, ó fi apá méjì sí ère náà lára, apá gígùn, ó sì na ọ̀kan síta bí ẹni tí ń bọ ènìyàn lọ́wọ́.

Mo ní kí ó yọ apá náà kúrò, pé ère tí kò ní apá ni ère Dagenham, pé àìsí apá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, n kò ní í yọ ọ́.” A jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gbé ojú ìwé rẹ̀, ó sì gbé Watchmen náà lọ pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti lọ fi ọjọ́ kún ọjọ́ tí yóò dá a padà nílé ìkàwé ní ẹ̀ẹ̀mejì báyìí. Apá náà ṣì wà nínú àpótí keje.